Ká tó rọ owó wúrà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún kọ́bọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí mu gan-an ni. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 tí báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gánà ti gbé owó wúrà tó ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ náà jáde fún àwọn ọmọ ìlú láti rà, ìbéèrè kan wà tí àwa náà ní láti dáhùn: ṣé ó yẹ kí ìjọba tiwa rọ owó wúrà? Wúrà kúkú wà nílẹ̀ wa. Ní oṣù keje ọdún 2020, wọ́n gbé wúrà kílò 12 àbọ̀ tí àwọn awakùsà kéékèèké wà jáde lọ bá Ààrẹ Muhammadu Buhari l'Ábùjá, báńkì àpapọ̀ wa, CBN, sì rà á ní 268 mílíọ̀nù náírà. Ní oṣù keje ọdún 2021 ni ilé-iṣẹ́ tó ń wa wúrà ní Sẹ̀gilọlá, ní agbègbè Iléṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yọ́ wúrà tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Èmi kò lòdì sí i kí Nàìjíríà rọ owó wúrà. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò tíì ṣe ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣe. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú owó tí à ń wí, nítorí oríṣi méjì ló wà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń da méjèèjì pọ̀.

Oríṣi kìíní ni èyí tí wọ́n ń tà nítorí ìwọ̀n wúrà inú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Krugerrand tí ilẹ̀ South Africa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́dún 1967. Wúrà ògidì inú rẹ̀ jẹ́ áúǹsì kan, ìyẹn gíráàmù 31 ó lé díẹ̀. Iye tí wúrà bá ń lọ lọ́jà àgbáyé lọ́jọ́ náà ni wọn yóò fi èrè díẹ̀ lé, tí wọn yóò sì tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gánà rí. Áúǹsì kan, ìdajì áúǹsì àti ìdámẹ́rin áúǹsì ni wọ́n ṣe é, àwọn báńkì ni aráàlú sì ti ń rà á. Bí iye wúrà bá ṣe ń lọ sókè sódò ni iye owó náà ṣe ń lọ.

Oríṣi kejì ni èyí tí wọ́n ń rọ fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa kó owó àràmàǹdà jọ. Èyí kì í ṣe owó ọjà rárá, bí wọ́n tilẹ̀ kọ iye sí i lára. Wọn yóò dán ojú irin tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi máa kọ mànà bí dígí, wọn yóò sì tẹ wúrà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí àwòrán ara rẹ̀ lè yọ dáadáa. Ilẹ̀ rẹ̀ yóò máa dán bí omi inú àwo, àwòrán orí rẹ̀ yóò sì rí bí ẹni pé ìrì sẹ̀ sí i. Wọn yóò tì í mọ́ inú ike kí ọwọ́ má baà kàn án, wọn yóò fi ìwé ẹ̀rí tì í lẹ́yìn, wọn yóò sì kéde pé iye báyìí péré ni àwọn yóò rọ, àwọn kò ní rọ òmíràn mọ́.

Nínú oríṣi kejì yìí ni a ti rí èyí tí àwòrán rẹ̀ yọ sókè gan-an, òun ló sì wọ́n jù. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí mo ń wí, kí ó rántí ilẹ̀kùn ààfin Ògògà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì, tó sì gba Ìjù kọjá, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Ìkéré. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ ọnà, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin ibẹ̀. Ọba, olorì, àti òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí àwọn arẹrù gbé nínú àga, gbogbo wọn ló yọ síta lára igi náà débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1924. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe di ti ilé àkójọ wọn nìyẹn.

Ohun tí Ọlọ́wẹ̀ fi ọ̀bẹ ṣe lára igi ni àwọn tó ń rọ owó ń fi ẹ̀rọ ṣe lára wúrà, kò sì rọrùn. Ààrẹ Theodore Roosevelt ti Amẹ́ríkà ló bẹ oníṣẹ́ ọnà ère kan, Augustus Saint-Gaudens, lọ́wẹ̀ pé kó ya àwòrán sí owó wúrà 20 dọ́là. Nígbà tí owó náà jáde lọ́dún 1907, àwòrán rẹ̀ yọ débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ ní láti tẹ ẹyọ kan kó tó pé, kò sì ṣe é tò léra dáadáa ní báńkì. Nǹkan bí 12,000 ni wọ́n rọ kí wọ́n tó rẹ àwòrán náà sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Nǹkan bí 12,000 yẹn ni àwọn olówó ń du mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí dòní.

Níbo wá ni iye irú owó bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Ibi mẹ́ta ni: wúrà inú rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, àti bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Wúrà nìkan ni a lè gbé sórí ìwọ̀n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí Amẹ́ríkà tún irú owó 1907 náà rọ lọ́dún 2009, áúǹsì wúrà kan ni wọ́n fi ṣe é. 1,189 dọ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà á, bẹ́ẹ̀ áúǹsì wúrà kan kò tó 900 dọ́là lọ́jà nígbà náà. Lọ́dún 2017, wọ́n tún rọ òmíràn tí àwòrán rẹ̀ yọ bákan náà. Orí obìnrin adúláwọ̀ kan tó dé adé ìràwọ̀ ni wọ́n yà sí i gẹ́gẹ́ bí àmì òmìnira, irú rẹ̀ kò sì tíì ṣẹlẹ̀ rí lára owó wúrà wọn. Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n 1,640 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà tí wúrà inú rẹ̀ kò tó 1,300 dọ́là. Wọ́n ní àwọn kò ní rọ ju 100,000 lọ. Èyí tí wọ́n rí tà kò tó ìdajì iye yẹn. Ẹni tó rà á ti san owó lé iye wúrà, kò sì dájú pé ẹni tí yóò tà á fún lọ́la yóò dá àlékún yẹn padà fún un.

Ẹ̀rí tó dára jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n yìí wà nínú ìkòkò àti àpótí àwọn àgbà wa. Ní ọdún 1936, Edward Kẹjọ jọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún kò yí po tó fi gbé adé sílẹ̀ nítorí obìnrin tó fẹ́ fi ṣe aya. Kí ó tó lọ, wọ́n ti rọ kọ́bọ̀ oníhò, àfù àti onínì fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní orúkọ rẹ̀. Orúkọ ọba ni wọ́n kọ yí ihò náà ká, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀, ó sì wọ ọjà wa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, owó tó ní ojú rẹ̀ kò tíì jáde fún aráàlú tó fi kúrò lórí oyè. Owó wúrà sovereign tí wọ́n ti fi ojú rẹ̀ rọ kò ju mẹ́fà lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n ta ọ̀kan nínú wọn ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Ọba kan náà ni o. Kọ́bọ̀ tirẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa kò lówó lórí, nítorí pé ó pọ̀ jù. Òótọ́ ni pé wúrà yàtọ̀ sí irin kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n wúrà inú sovereign kan kò ju gíráàmù 7 ó lé díẹ̀ lọ. Iye gíráàmù 7 kọ́ ni mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Ẹni tó ra owó àkójọ kò ra wúrà nìkan, ó ra ìlérí mọ́ ọn. Ìlérí náà ni pé ẹni tó rọ ọ́ kò ní yíjú sẹ́yìn lọ rọ òmíràn, pé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i ni ìwọ̀n inú rẹ̀, àti pé yóò máa jẹ́ owó níwájú òfin. Bí ìlérí yẹn bá já, àlékún tí èèyàn san di òfò, wúrà nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe é gbára lé nìkan ló lè rí irú owó bẹ́ẹ̀ tà.

Báwo ni tiwa ṣe rí? Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti gbọ́njú lọ́dún 1984 kò ní gbàgbé bí ìjọba ológun ṣe yí àwọ̀ náírà padà lójijì, tí wọ́n ti ẹnu ibodè, tí àwọn àgbẹ̀ tó pa owó kòkó mọ́ sílé ń sáré kiri láti pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2007, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo jẹ́ gómìnà CBN, wọ́n kó owó onírin tuntun jáde: 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì. Orí Herbert Macaulay ló wà lára náírà kan, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábùjá sì wà lára náírà méjì. Owó tó rẹwà ni. Ṣùgbọ́n ta ló rí i ná pẹ́? Ọlọ́jà kò gbà á, awakọ̀ kò gbà á. Òfin kò fagi lé e, ọjà ló fagi lé e. Ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ìjù kò sì jẹ̀bi bí kò bá gbà á, nítorí ọ̀wọ́n gógó ti jẹ iyì rẹ̀ tán; kò sí ohun tí náírà méjì lè rà.

Lẹ́yìn náà ni ti ọdún 2022 dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, CBN kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n dá fún wa kí wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Owó àtijọ́ kúrò lọ́wọ́, tuntun kò dé. Àwọn arúgbó tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àgbẹ̀ tó kó iṣu wá sọ́jà ní láti tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó bá mú owó gidi dání, tàbí kó gbé e padà sílé. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní kí àtijọ́ àti tuntun jọ máa jẹ́ níná lọ. Ta ni yóò san gbèsè ìyà tí àwọn èèyàn ti jẹ? Ìjọba tó ṣe báyìí sí owó tí gbogbo wa ń ná, ẹnu wo ni yóò fi sọ fún olówó kan ní Tokyo tàbí New York pé kó gba òun gbọ́, pé ẹgbẹ̀rún kan péré ni òun rọ?

Ẹnìkan lè sọ pé wúrà kò dà bí bébà, pé bí ìjọba bá dalẹ̀, wúrà kò lè dalẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ wo Biafra. Lọ́dún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, wọ́n rọ owó wúrà àkójọ ní orúkọ rẹ̀, láti pọ́n-ùn kan títí dé pọ́n-ùn 25. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, owó bébà Biafra di ìwé lásán lọ́wọ́ àwọn tó ní in. Owó wúrà náà kò di ìwé, àwọn tó ń kó owó jọ ṣì ń wá a kiri. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ta ló lè ní owó wúrà lọ́wọ́ nígbà náà, ta ló sì ní bébà? Ìyá tó ń wá iyọ̀ tí yóò fi sọbẹ̀ fún ọmọ kò ní owó wúrà 25 pọ́n-ùn nídìí ìró. Owó wúrà àkójọ kì í gba mẹ̀kúnnù là. Owó tí mẹ̀kúnnù ń ná lójoojúmọ́ ni ìjọba ní láti dáàbò bò fún un.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló kan owó wúrà ní ìlú tí ebi ti ń pa èèyàn. Èmi kò bá a dé ibẹ̀. Bí a bá ṣe é bó ti yẹ, olówó ni yóò rà á, èrè rẹ̀ yóò wọ àpò ìjọba, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa yóò sì tàn kálẹ̀ ayé. Ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ lára wúrà Iléṣà, tí àwòrán rẹ̀ yọ bó ṣe yọ lára igi! Inú mi yóò dùn bí mo bá fojú rí i. Láti ọdún 1963 la ti dá ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ owó sílẹ̀ nílẹ̀ wa. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Èkíní, kí CBN ṣe ìpinnu lórí owó onírin 2007. Bí kò bá wúlò mọ́, kí wọ́n sọ ọ́ gbangba, kí wọ́n kó o nílẹ̀, kí wọ́n sì san iye rẹ̀ fún ẹni tó bá mú un wá. Bí ó bá ṣì jẹ́ owó, kí wọ́n rọ èyí tó lè ra nǹkan dípò rẹ̀. Èkejì, bí wọ́n bá fẹ́ rọ owó wúrà àkójọ, kí iye tí wọn yóò rọ wà nínú òfin, kí wọ́n sì fọ́ irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lójú àwọn oníròyìn nígbà tí wọ́n bá parí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n mọ ibi tí wúrà náà ti wá. Lọ́dún 2010, ọ̀pọ̀ ọmọdé ló kú ní Ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti yọ wúrà. Wúrà tó bá ti gba ẹ̀mí ọmọ ẹnìkan kò yẹ lára owó ilẹ̀ wa. Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá fẹ́ kí àgbẹ̀ àti olùkọ́ fi wúrà pamọ́ fún ọjọ́ alẹ́, kí wọ́n ṣe irú ti Gánà, tí ìwọ̀n rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Kí wọ́n má fi owó àkójọ tan aráàlú pé ìfowópamọ́ ni.

Kí wọ́n tó gbọ́ l'Ábùjá, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní ìgbèríko, ẹ jẹ́ kí n dá a sọ fún yín. Bí ọmọ yín bá ti òkè òkun mú owó wúrà àkójọ wá ta yín lọ́rẹ, ẹ súre fún un, ẹ má sì yọ ọ́ kúrò nínú ike rẹ̀. Ẹ má fi eérú tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ pé kó lè dán. Ìka ọwọ́ lásán lè ba ojú rẹ̀ jẹ́, àlékún tí wọ́n san lé e lọ nìyẹn. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí yóò jogún rẹ̀ ohun tó jẹ́, kó má baà gbé e fún alágbẹ̀dẹ góòlù láti fi rọ yẹtí.

Bí àjèjì bá gbé irú rẹ̀ wá tà fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin: gíráàmù mélòó ni wúrà inú rẹ̀? Ta ló rọ ọ́? Mélòó ni wọ́n rọ? Ta ni yóò rà á padà lọ́wọ́ mi lọ́la, ní iye wo? Bí kò bá rí ti ìkẹrin dáhùn, ẹ dá owó yín dúró. Ẹ má jẹ́ kó fi òòfà tàn yín. Lóòótọ́, òòfà kì í fa wúrà, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ náà.

Ní ti ṣílè àti tọ́rọ́ tó wà nínú ìkòkò, ẹ má ta abọ́ kan fún ẹni tó ń ra irin kiri kí ẹ tó wo ọdún ara rẹ̀. Ṣílè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n rọ láti 1913 títí dé 1920 ní fàdákà nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i sí idẹ. Ẹ má sì rò pé nítorí pé ó gbó, ó ti di ọrọ̀. Ẹ rántí kọ́bọ̀ Edward.

Àwa fúnra wa la ta kọ́bọ̀ wa lọ́pọ̀. Ìjọba sọ ọ́ nù, àwa náà bá wọn fi ẹsẹ̀ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. A kò lè torí pé a ní wúrà kí a wá máa retí pé kí ará ayé rà wá lọ́wọ̀n-ọ́n. Ọjọ́ tí náírà bá ní iyì lọ́wọ́ ìyá aláta ni kí wọ́n dáná sí iná wúrà. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn o.